Kíláàsì Tí Bẹ́ńṣì Kò Tò Sí Ìlà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsù mi tán ni. Mo ń fẹ́ èérún rẹ̀ kúrò lórí àpótí tí mo fi ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni mo rí bàtà ọkùnrin kan, dúdú, tó ń dán, ó dúró gbọnin níwájú orúnkún mi. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìn ògiri nìkan là ń gbọ́.

"Kí ni ọmọ yìí ṣe tó fi wà lórí ìkúnlẹ̀?"

Ọkùnrin náà ló bi tísà wa bẹ́ẹ̀. Alábẹ̀wò ilé ìwé ni. A ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, nítorí àwọn òbí kan ti lọ fẹjọ́ sùn pé kíláàsì wa kò yàtọ̀ sí ọjà. Bí ohun tó rí níbẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò gba kíláàsì lọ́wọ́ tísà wa.

Ìyá àgbà ará Inland Town, àdúgbò àwọn onílẹ̀ ní ìlú Ìgbò tí à ń gbé, ni tísà wa, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Mama ni gbogbo wa ń pè é. Nínú ilé ìwé wa, kíláàsì tirẹ̀ nìkan ni bẹ́ńṣì kò tò sí ìlà. Ó ti méjì mọ́ ògiri, ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ó sì ní kí káfíńtà kan ní Ogidi fi àjákù pákó kan àpótí kéékèèké fún wa. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀ lè dúró ti fèrèsé kọ̀wé. Láràárọ̀ ni Mama máa ń rìn láàárín wa, tí ìró rẹ̀ ń rùn kánfọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ṣọ́ọ̀kì, a sì máa béèrè lédè Ìgbò pé, "Níbo ni ọkàn rẹ wà lónìí?" Ibi tí o bá nawọ́ sí, ibẹ̀ ni ìjókòó rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá débẹ̀ tí o kò ṣiṣẹ́, ojú lásán ni yóò fi gbé ọ kúrò.

Èmi a máa kúnlẹ̀ síwájú àpótí. Bí mo ṣe ń kọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi nìyẹn, tí màá gbé ìwé lé orí ìdì aṣọ. Lórí bẹ́ńṣì, ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀, ọwọ́ mi a sì máa gbọ̀n. Lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́tà mi a dúró ṣánṣán.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọmọbìnrin kan pariwo láti orí ẹní pé, "Ngbati! Ta ló fún ẹ ní níìlì-dáùn?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá, wọ́n ní "nígbà tí" kì í kúrò lẹ́nu wa. Ìyà ni ìkúnlẹ̀ lójú tiwọn. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ ilé ni.

Mama kò bá a wí. "Òun ti rí ibi tirẹ̀," ló sọ. "Ìwọ tí o ń yí kiri lórí ẹní bí ẹja tútù ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ alábẹ̀wò, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Dìde. Máa bọ̀," ni ọkùnrin náà wí fún mi láti iwájú pátákó tó ti padà sí.

Mo dìde, mo lọ bá a. Nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, nítorí pé àgbà ló pè mí, orúnkún mi méjèèjì tún kanlẹ̀. Mo rí i tí Mama di ojú.

"Má bẹ̀rù," ni ọkùnrin náà wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣé tísà yín ló ní kí o máa kúnlẹ̀?"

Mo rò ó. Mama ló ní kí n máa kúnlẹ̀, bó bá ti wù mí. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ́ mi nílé láti sọ "rárá" lójú àgbà.

"Yes, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró bírò rẹ̀ lórí ìwé. Mama dúró pẹ̀lú àkísà tó fi ń nu pátákó lọ́wọ́, eruku ṣọ́ọ̀kì ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà ni ohun tí mo ṣe yé mi.

Ọmọ orí ẹní náà ló fọhùn sí mi ní jẹ́jẹ́: "Ngbati, sọ fún un! Sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo yan ìkúnlẹ̀!"

Láti ọ̀dọ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin náà rọra ń rìn lọ. Itọ́ kún ẹnu mi. Ó fi bàtà tẹ ẹní kọjá, ó jáde. N kò sọ nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ńṣì ti tò. Wọ́n ká ẹní, tísà mìíràn tó mú pàṣán dání dúró níwájú wa. Mama ni wọ́n ní kó máa to ìwé nínú yàrá ẹrù.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohun tí kì í ṣe, ó sì mú mi lọ sí Inland Town. Mama wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá mi fi Ìgbò bẹ̀ ẹ́. Èmi kúnlẹ̀, mo ń sunkún.

"Mo purọ́ mọ́ yín, Mama."

"O kò purọ́," ló dáhùn. "Ohun tó bi ọ́ lo sọ. Èyí tí kò bi ọ́ lo gbé mì."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò nínú mi títí di òní tí èmi náà ti di ìyá. Ilé ìwé tí àbíkẹ́yìn mi ń lọ ní Awada ti ra tìmùtìmù aláwọ̀ mèremère fún àwọn ọmọ láti jókòó síbi tó bá wù wọ́n, wọ́n ní ìlànà tuntun ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, n kò lè wọlé. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún àgbà, màá ní kó parí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ tí a lọ bẹ Mama náà, a ti fẹ́ máa lọ, mo ṣì wà lórí ilẹ̀. Mama fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi, ọ̀kan nínú àwọn ti Ogidi, tó ti kó wálé. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó wò mí.

"Nne," ló wí, bí àwọn Ìgbò ṣe ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ràn, "ṣé ìkúnlẹ̀ tìrẹ nìyí, àbí ti ìyà?"