Bí Kíákíá Ṣe Kọ́ Òjòlá Gbígbé

Alágbàfọ̀ ni ọkọ ọmọ mi. Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé aṣọ tí o bá gbé fún un láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ti ń bínú pé o kò tíì wá gbé e. Mo rí i rí tó ń lọ ṣòkòtò nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi ní irọ́ ni mo pa, ó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Irú ẹni báyìí ló lọ ra ọmọ òjòlá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fà á. Ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń da omi tí kò tíì hó sínú ife, ló bá ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi yìí, ẹ ò lè ní sùúrù fún ohunkóhun tó lẹ́mìí. Aṣọ nìkan ni Ọlọ́run fi yín jọ̀gá lé lórí." Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ọkọ ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa padà délé lọ́jọ́ kejì, àpótí onígíláàsì ló gbé mọ́yà. Ejò kan ká jọ sínú rẹ̀, kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí ti ewé gbígbẹ.

"Màá kẹ́ ẹ títí yóò fi máa gun apá mi bí ọmọ," ó wí. "Ẹ ó rí i."

Ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹran ọ̀sìn ló tà á fún un. Ìyá Ẹranko ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Ó ti kìlọ̀ fún un: "Ẹ̀gbọ́n, òjòlá ò lóró, ṣùgbọ́n èyí ṣì kéré, ẹ̀rù ń bà á. Lójú tiẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń bọ̀ látòkè, ẹyẹ tó fẹ́ gbé e jẹ ni. Ẹ má pa iná tó ń mú àpótí rẹ̀ móoru, ẹ má sì kánjú. Màá máa yà wò ó. Tí ẹ ò bá lè tọ́jú ẹ̀, màá gbé e padà."

"Kánjú kẹ̀? Èmi?" Kíákíá ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe gbé ejò náà fún yín. Alágbàfọ̀ tó bá fẹ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì, ọrùn ló máa ń mú, á gbé e sókè, á gbọ̀n ọ́n pà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ ọmọ mi ti ọwọ́ bọ àpótí látòkè, tó nawọ́ gán òjòlá lọ́rùn. Ejò mí hìì, ó sì gé e jẹ. Igbe tí Kíákíá ké, aláǹgbá tó wà lára ògiri jábọ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, awọ ara sì fà ya. Lọ́jọ́ kejì ó tún dán an wò, ejò tún gé e jẹ, ó tún fa ọwọ́ yọ. Kò pẹ́ tí ejò fi mọ̀ pé bí òun bá ti la ẹnu báyìí, ọwọ́ ńlá yẹn á sá lọ. Ta ni yóò rí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa lò ó?

Ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ wé ọwọ́ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn sì ń dun ọkọ rẹ̀ ju eyín ejò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gílóòbù iná àpótí náà jó. Kíákíá nawọ́ sí ejò, ejò ò mí hìì, kò la ẹnu, ó kàn rọ̀ jọ̀ọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbànú aṣọ. Ẹni tó bá gbọ́n ì bá lọ ra gílóòbù. Ó rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, tó bá ti fẹ́ gbé ejò jáde, á kọ́kọ́ pa iná náà títí ara ejò á fi tutù. Lẹ́yìn náà ni á gbé e kọ́rùn, á wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wá wo ìyìn! Àwọn oníbàárà ń pàtẹ́wọ́. "Kíákíá, báwo lo ṣe ṣe é?" Á fẹ àyà, á ní, "Sùúrù ni baba ìwà." Èmi náà gbé ìròyìn náà fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i: mo ní ejò náà ti ń bá a ká aṣọ.

Àfi ọjọ́ tí Ìyá Ẹranko wá gba kóòtù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kún. Kíákíá sáré wọ inú yàrá, ó gbé ejò kọ́rùn jáde, ó ń yan. Ọmọbìnrin náà fi ìka kan kan ẹ̀yìn ejò. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó tutù báyìí? Iná ẹ̀ dà?"

Ọmọbìnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ inú yàrá. Iná ti kú, èkúté tí ejò pọ̀ jáde sì wà ní igun àpótí, kò tíì dà rárá.

"Òtútù ló mú un, kì í ṣe pé ó mọ̀ yín," ó wí, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. "Ejò ò ní ooru tara ẹ̀. Tí ara ẹ̀ bá tutù, oúnjẹ ò lè dà níkùn ẹ̀. Tí ẹ bá tún ṣe é díẹ̀ sí i, òkú lẹ máa gbé kọ́rùn."

Ọkùnrin awakọ̀ kan tó wá gbé ṣẹ́ẹ̀tì bú sẹ́rìn-ín: "Sùúrù ni baba ìwà, àbí? Sùúrù tìẹ, inú fìríìjì lo ti rà á!"

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ọkọ ọmọ mi ì bá kó sínú rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín músẹ́ mọ́. Ìyẹn ló pa á jù.

Ìyá Ẹranko ti ń wá nǹkan tí yóò fi wé ejò gbé lọ. "Ẹ jọ̀ọ́," Kíákíá wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀: "Àbúrò, fi í sílẹ̀ fún wa. Èmi ni màá máa ṣọ́ iná náà." Kí ìyàwó ẹni máa ṣọ́ni bí ọmọ tó ń jí ṣúgà lá, ẹ gbà mí gbọ́, ẹrù wúwo ni.

"Màá padà wá," ọmọbìnrin náà wí. "Tí mo bá tún bá a bẹ́ẹ̀, mo ti gbé e lọ nìyẹn."

Láti ìgbà náà, Kíákíá kì í wo ojú oníbàárà mọ́. Ejò móoru, ó jẹun, oúnjẹ dà, ìbínú rẹ̀ náà sì padà dé pátápátá. Ọwọ́ kò ṣe é nà sí i.

Ọjọ́ kan, mo jókòó tì í níbi tó ti ń fọ súwẹ́tà onírun àgùntàn. Súwẹ́tà náà mu omi yó. Kíákíá ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó rọra gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ní, "O ò gbá èyí lọ́rùn mú?"

"Háà, Bàbá, ó máa fà nìyẹn! Tó bá ti rin báyìí, abẹ́ lèèyàn ti ń gbé e." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Omi ń kán sílẹ̀, kò mọ̀. "Bàbá," ó wí, "èmi ni mo ń dẹ́rù bà á."

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó tẹ hángà kan bí ìkọ́, ó kọ́kọ́ fi í kan ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé. Ó wá ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ejò gé e jẹ. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ fò, mo rí i tó di ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ò kúrò. Ó pẹ́ títí kí ejò tó tu ẹnu. Omi bọ́ lójú ọkọ ọmọ mi. Ó ní ooru áyọ́ọ̀nù ni. Kò sí áyọ́ọ̀nù kankan lórí iná.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, á sì dá ejò padà kó tó sú u.

Nígbà tí Ìyá Ẹranko padà wá, awakọ̀ ọjọ́sí náà wà níbẹ̀. Kíákíá ò gbé ejò jáde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú ọmọbìnrin náà, ó dojú kọlẹ̀. "Kò tíì rọ̀ tán. Ó gé mi jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́."

Ọmọbìnrin náà yí ọwọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀. Àpá àtijọ́ gùn, wọ́n rí jákujàku bí aṣọ tí ẹ̀gún fà ya. Tuntun kò ju àmì tíntìntín lọ, bí ojú abẹ́rẹ́.

"Eyín òjòlá tẹ̀ sẹ́yìn," ó wí. "Ẹni tó bá fa ọwọ́ ló ń ya ara ẹ̀. Ẹ ò fa ọwọ́ yìí."

"Mi ò fà á."

Wọ́n jọ wọ inú yàrá. Iná ń tàn, gíláàsì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọbìnrin náà ti ọwọ́ bọ abẹ́ ejò. Ejò ká ọrùn, ó mí hìì, ó yọ ahọ́n, ó tún yọ ọ́, ó sì rọra gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dá a padà sínú àpótí.

"Ẹ máa bá a lọ," ó wí, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.

"Kíákíá!" awakọ̀ náà pariwo láti ìta. "Gbé e kọ́rùn jáde ká rí i!"

Kíákíá jáde sí i, ọrùn rẹ̀ ṣófo, kò gbé ojú sókè. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ fún tòní. Ẹ jẹ́ ó sinmi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.