Ààwẹ̀ Tí A San Nígbà Ọyẹ́

Ọkùnrin kì í san ààwẹ̀. Ohun tí mo gbàgbọ́ nígbà náà nìyẹn, n kò sì fi bò. Ní Ìsẹ́yìn tiwa, àwọn obìnrin la mọ̀ tó ń jẹ gbèsè ààwẹ̀ nítorí nǹkan oṣù, àwọn náà ló sì ń san án tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ti kọjá. Tí wọ́n bá rí ọkùnrin níbẹ̀, yẹ̀yẹ́ ilé òfì á fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nílùú.

Ọdún mélòó kan ni lẹ́yìn tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún títì. Ìrora kan ti mú mi, láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni fi iná jó mi. Ahunṣọ sì ni mí, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ òfì. Dókítà ní iṣan ni, ó fún mi ní oògùn oníhóró tí mo ń lò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí Ràmàdáánì wọlé, oògùn ọ̀sán kò bá ààwẹ̀ mu. Mo bá dá gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ kò kúkú dùn mí mọ́.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ọ̀kọ̀, igi kékeré tí a fi ń ju òwú láti apá kan aṣọ sí ìkejì, ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Òógùn ń bò mí nínú òjò. Oorun dá, èébì ń gbé mi, ó ń ṣe mí bíi pé ìjàlọ ń rìn lábẹ́ awọ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ebi ni. Ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ mi ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ n kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ìyàwó mi gbé omi wá. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi, ẹ lo oògùn. Ọlọ́run kò ní kí aláìsàn pa ara rẹ̀."

"Kí n wá máa san ààwẹ̀ bí obìnrin?"

Ó lọ pe àfáà àdúgbò, àfáà sọ ohun kan náà, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Ta ló ní kí ẹ já a jù sílẹ̀ lójijì?" ni dókítà wí. "Ó ti mọ́ yín lára. Ẹni tó wà lórí àpáta kì í fò, ńṣe ló ń rọra sọ̀ kalẹ̀."

Mo fi ààwẹ̀ sílẹ̀, mo padà sí oògùn, a sì ń dín in díẹ̀díẹ̀. Abẹ tí mo fi ń gé òwú ni ìyàwó mi fi ń la hóró rẹ̀ sí méjì, nígbà tó yá, sí mẹ́rin. Bí a bá ti dín in, gbígbọ̀n náà á tún yọjú. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, tí mò ń sunkún.

Ọyẹ́ ti dé kí n tó bọ́ lọ́wọ́ oògùn pátápátá. Ó wá ku gbèsè ààwẹ̀, ojú sì ń tì mí. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo bá sààrì ẹni méjì lórí ẹní.

"Èmi náà jẹ gbèsè ọjọ́ díẹ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ san án."

Ara tù mí. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ìyàwó mi ni mò ń bá gbà á.

Ọjọ́ tí a parí rẹ̀ ni mo tó rò ó dáadáa. Ó ti lé lọ́dún mélòó kan tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró lára rẹ̀. Kò jẹ gbèsè ọjọ́ kan ṣoṣo nínú Ràmàdáánì yẹn. Mo wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń bu omi ìṣínu sí ife mi ṣáájú tirẹ̀. N kò sọ fún un pé mo mọ̀, títí ó fi kú.