Ògiri Tó Ń Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Lọ́sàn-án, bí kùrukùru bá ti gun òkè dé láti ojú òkun, tí àwọn ilé onípáànù tó wà nísàlẹ̀ bá ti ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, Fresia Mondaca a gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ògiri yàrá ìránṣọ, a sì fẹ̀yìn tì í. Ògiri náà á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe oòrùn ló pa á, nítorí oòrùn kì í dé ibẹ̀ nígbà òtútù. Láti inú ló ti ń móoru, bí ìgbà tí èèyàn kan bá fara ti òdìkejì rẹ̀. Bó bá sì fi etí lé e, á gbọ́ ohùn kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó panu dé tó ń fi imú kọrin.

Evaristo ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Gbogbo ayé Evaristo ọkọ rẹ̀ ló fi já ẹja nínú ọkọ̀ ní èbúté apẹja tó wà nísàlẹ̀ òkè, kò sì sí ọṣẹ tó lè gba òórùn ẹja kúrò lára rẹ̀. Bó bá ń ṣe iṣẹ́kíṣẹ́ nínú ilé, imú ló fi ń kọrin sí i. Nígbà tó wà láyé, Fresia máa ń bínú sí òórùn yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, ó fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó kó wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì, kò pẹ́ tó fi mọ ohun tí òun ṣe. Ó fi imú wá ọkọ rẹ̀ káàkiri ilé, kò rí i mọ́.

Nígbà òtútù tó tẹ̀lé e ni Yasna, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kó wá sí ìsàlẹ̀ ilé. Kéèkì ni ọmọbìnrin náà ń ṣe tà. Ó gbé ààrò oníná ńlá kan dé, ó gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ dé, ó sì gbé ẹnu tí kì í sinmi dé pẹ̀lú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Ọ̀sán ni Evaristo máa ń wá, nígbà tí òórùn fàníláà àti èèpo ọsàn bá ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Èyí kò ya Fresia lẹ́nu. Ohun dídùn ni ọkùnrin náà fẹ́ràn ju ẹran lọ. Nígbà tó yá, òórùn ẹja náà padà. Inú ògiri ló ti ń yọ wá, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, á wá, á lọ. Fresia sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Á jókòó ti ògiri, á máa ránṣọ, á máa ròyìn àdúgbò fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó kó lọ sí Santiago, ajá tó jábọ́ láti orí òrùlé tí kò sì kú. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ, á bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí kò ní awakọ̀, tí ń gba àárín àwọn ilé kọjá, tó jẹ́ pé kùrukùru ni omi rẹ̀. Evaristo á wà níwájú ọkọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa fi imú kọrin. Kò bojú wẹ̀yìn rí.

Nígbà òtútù yẹn náà ni iná jó ilé mélòó kan lórí òkè tó kọjú sí tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan tí wọ́n kì sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, nítorí pákó àti amọ̀ ni ilé wọn, páànù ni wọ́n fi bo òde, afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í sinmi. Ni ẹgbẹ́ àdúgbò bá ní kí Nibaldo oníṣẹ́ iná máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn gígùn tó gun òkè wọn, kó yẹ wáyà wọn wò. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

“Màmá Fresia, ẹ káàsán o. Wáyà ilé yín ni mo wá wò.”

“Wáyà ilé mi ò ké pè ọ́.”

“Wáyà kì í ké, Màmá. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.”

“Ó dáa, jẹ́ kó máa sùn.” Ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó tún wá, ojú fèrèsé ló ti dá a lóhùn. “Ṣé ìwọ náà tún nìyẹn? Mo ṣebí o ti rí opó mìíràn tí wàá máa yọ lẹ́nu.”

“Opó pọ̀ lórí òkè yìí, Màmá, àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kò tíì fún mi ní tíì.”

Ẹ̀rín pa Fresia, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn. Ohun tó ń bẹ̀rù ni pé kí àlejò wọ yàrá náà, kó máa fi irin gbá ògiri káàkiri, kí Evaristo sì bínú lọ.

Yasna ló wá ṣílẹ̀kùn níkẹyìn. Ó ti pẹ́ tí ọmọbìnrin náà ti ń ráhùn pé ẹ̀rọ ìfọṣọ òun ń gé òun jẹ, pé bí òun bá fi ọwọ́ tútù kàn án, ńṣe ni gbogbo apá òun á máa ṣe yìnrìnyìnrìn. Sílípáàsì rọ́bà ló ń wọ̀ sí i, ó ń fi í ṣẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbàgbé sílípáàsì. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ mú, ó na èkejì sí ẹnu ẹ̀rọ omi, iná sì gbá a mú. Kò lè jọ̀wọ́ ẹ̀, kò lè ké. Ìwúwo ara rẹ̀ ló já a gbà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Ó dìde, ó ń gbọ̀n, ó kọ́kọ́ ti kéèkì tó ti pò sílẹ̀ sínú ààrò, torí pé orí rẹ̀ kò tíì padà sípò, lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lọ pe Nibaldo.

Nibaldo fà púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ìfọṣọ yọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ó gòkè, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Ó fa imú.

“Màmá, ẹ̀ ń dín ẹja?”

“Mi ò dín ẹja.”

“Aládùúgbò ńkọ́?”

“Ṣé ẹja lo wá jẹ ni àbí wáyà lo wá wò?”

Nibaldo ò rẹ́rìn-ín. “Ike àtijọ́ inú ògiri, bó bá ń jóná díẹ̀díẹ̀, bí ẹja ló ń rùn. Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò dín, òun ló ń já mi láyà jù nínú iṣẹ́ yìí.”

Fresia fi ẹ̀yìn bo ògiri bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ. “Ọkọ mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀,” ó ní.

“Àǹtí,” Yasna ní, “kí lẹ wí?”

Fresia wá sọ ọ́. Ó sọ ti ooru náà, ó sọ ti orin, ó sọ bí Evaristo ṣe máa ń wá bí òórùn kéèkì bá ti gòkè. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ti ń sọ ọ́, kùrukùru ojú fèrèsé ló ń wò. Nígbà tó parí, Nibaldo ṣí fìlà lórí.

“Ṣé mo lè kí wọn?”

Fresia yẹra díẹ̀. Nibaldo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó sì fà á yọ kíá.

“Yasna, jọ̀ọ́, sáré lọ pa ààrò ẹ.”

“Kéèkì mi wà nínú ẹ̀! Ti ìrìbọmi ọmọ Ximena ni!”

“Pa á, ọmọ dáadáa.”

Yasna sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ bó ṣe yí i. Lójú ẹsẹ̀, orin inú ògiri dákẹ́. Fresia gbé etí lé e, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ wà ní dídì, títí ooru abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nibaldo ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ rẹ̀.

“Yasna!” Fresia ké sísàlẹ̀. “Tàn án padà!”

Orin náà bẹ̀rẹ̀.

“Pa á!”

Ó dákẹ́.

Fresia jókòó sórí àga rẹ̀. “Kéèkì ni,” ó wí jẹ́jẹ́. “Kéèkì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.”

Nibaldo pa iná gbogbo ilé láti ibi mítà. Ó rí i níbẹ̀ pé wọ́n ti fi wáyà kíki kan rọ́pò fíúùsì, irú èyí tí kò lè já láé, kódà bí ilé bá ń jó lọ. Ó gòkè padà, ó gbẹ́ amọ̀ ògiri díẹ̀díẹ̀. Pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti dúdú, nígbà tó fi ìka kàn án, ó rún bí èédú. Láàárín rẹ̀ ni wáyà méjì tí ẹnì kan fi ọwọ́ lọ́ pọ̀. Láti ara wáyà yìí ni wọ́n ti fa iná lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí náà gbogbo iná tí ààrò Yasna ń fà, ibi ìsopọ̀ tóóró yẹn ló ń gbà kọjá. Ohun tí wọ́n fi dì í ti gbẹ, ó ti ká jọ, àmọ́ ó ṣì ku ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ò tíì jó.

Fresia tẹ̀ síwájú, ó sì mọ̀ ọ́n. Báńdéèjì tí Evaristo máa ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ẹ̀gún ẹja bá ti gún un ni, òun ló wà nínú gbogbo àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún tí Fresia bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ fún àwọn èèyàn ni Evaristo fa iná wá sí yàrá yẹn, kí ojú ìyàwó rẹ̀ má baà máa ro ó.

“Evaristo!” Ohùn rẹ̀ gba ilé kan. “Evaristo Pinto! Ṣé o fẹ́ sun mí mọ́lé ni? Mo ní kó o pe oníṣẹ́ iná, o ní ọwọ́ tìẹ náà lọwọ́! Ọwọ́ ajáẹja! Wo ohun tó o fi dì í! Báńdéèjì! Ṣé wáyà lọ́gbẹ́ ni?”

Yasna bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ni Fresia náà bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún, ó sì sunkún náà títí. Àtìgbà tí ọkùnrin yẹn ti kú, kò tíì bá a jà rí.

“Wọ́n lọ́ ọ dáadáa, Màmá,” Nibaldo sọ nígbà tí ara Fresia rọlẹ̀. “Ó le dan-in. Fún gílóòbù kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ní burú tó báyìí. Wọn ò mọ̀ pé ààrò ń bọ̀ lọ́nà.”

Wọ́n fa wáyà tuntun sí gbogbo ilé náà. Nibaldo gbá ọ̀pá bàbà kan wọ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó so wáyà mọ́ ọn, kí iná tó bá ṣìnà lè rí ibi gbà wọlẹ̀ dípò kó gba ara èèyàn. Lára ògiri ìsàlẹ̀, ó kan àpótí kékeré kan tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá ti ṣe. Ó fún ààrò ní ọ̀nà tirẹ̀. Yasna fi ọwọ́ tútù kan ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó dúró, ó ń retí kí ó gé òun jẹ, kò gé e.

Ilé wá pa lọ́lọ́. Fresia ò lálàá mọ́. Bí ọ̀sán bá lé, kùrukùru á gòkè, á kún ojú fèrèsé, Fresia á sì jókòó síbẹ̀ ti abẹ́rẹ́ ti òwú, kò ní rán nǹkan kan. Yasna rí i bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé tíì gòkè, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi píà lílọ̀ sí, ó fi ilẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ sọ tàdúgbò fún èmi náà. Ajá wo ló jábọ́ láti orí òrùlé?”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Pákó ló wà láàárín wa, Àǹtí. Gbogbo ẹ̀ ni mo ń gbọ́. Mo ṣebí fóònù lẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni.”

Fresia wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ajá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bọ̀ nígbà tí Nibaldo tún kanlẹ̀kùn. Kì í ṣe wáyà ló bá wá. Ó ní àwọn àgbà kan ṣì wà lórí àtẹ̀gùn náà tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún òun, pé bóyá bí Màmá bá tẹ̀ lé òun, wọ́n á dá òun lóhùn. Fresia ní òun kò mọ nǹkan kan nípa iná. Nibaldo ní òun kò ní kí Màmá mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n máa bá òun dé. Fresia mú ṣọ́ọ̀lì.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Abelino ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, atọ́kọ̀ṣe inú ọkọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé pẹ̀lú ẹyẹ kan nínú àgò.

“Fresia, ẹ̀yin náà ti di ọlọ́pàá iná?”

“Ẹ ṣílẹ̀kùn jàre, Bàbá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Ohun gbogbo tó wà nílé Bàbá Abelino, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n tò sí: rédíò, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ amúlémóoru, fìríìjì. Wáyà wọn gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọjá. Nibaldo kúnlẹ̀, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó lọ pa iná. Rédíò dákẹ́. Inú ilé di ojú ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Abelino kọ́kọ́ ń kùn. Nígbà tó yá, kíkùn náà tán. Fresia jókòó sórí àpótí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, bó ṣe máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn tó máa ń ju aṣọ funfun sókè kí ọkọ̀ rẹ̀ lè rí i láti ojú omi, bí òun ṣe ń rí gbogbo òkè tó ń funfun fún aṣọ tí àwọn ìyàwó ń jù, tí òun kì í mọ èwo ni tirẹ̀. Kùrukùru wọlé láti ojú fèrèsé, ó bo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó bo àga. Ẹyẹ inú àgò yí orí rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́.

“Mo ti tàn án padà o!” Nibaldo ké láti òde. “Ẹ wò ó bóyá gílóòbù ń ṣiṣẹ́!”

“À ń bọ̀,” Fresia dáhùn, ṣùgbọ́n kò dìde. “Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Bàbá. Báwo lẹ wá ṣe ń mọ aṣọ ìyàwó yín nígbẹ̀yìn?”