Aṣọ Tó Fẹ̀ Lápá Kan

Láyé ìgbà tí ojú Ìyá Aránṣọ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú, kókó kan wà léjìká rẹ̀ tí gbogbo ilé mọ̀. Ó rọ̀. Béèyàn bá fìka tì í, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà aláwàdà tí kì í rí nǹkan kó má sọ̀rọ̀ sí i, á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á ní, "Àbúrò, ṣé wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?" Àwọn ọmọ á wá máa rẹ́rìn-ín. Ayé ìgbà yẹn dùn, kí á má purọ́. Dókítà tó wo kókó náà ní ọ̀rá lásán ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Obìnrin yìí bá fi í sílẹ̀. Bó bá ti ń gé aṣọ ara rẹ̀, á kàn fi àyè díẹ̀ kún èjìká.

Ikú mú káfíńtà lọ, ilé wá dá páropáro. Kò pẹ́ sígbà náà tí kókó mìíràn yọ sí ọmú òsì. Eléyìí le bí èkùrọ́, kò sì ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ò sọ fẹ́nì kan. Kò kúkú dùn ún. Ó ní ọmọ ìyá tèjìká ni. Nígbà tó ń tóbi, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ rẹ̀ fẹ̀ sí i láyà òsì. Ẹ ò rí nǹkan! Ṣé wọ́n máa ń ránṣọ fún àrùn ni?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ló ń lọ aṣọ náà lọ́jọ́ kan. Ó ká a sí méjì, àyà òsì yọ ju tọ̀tún lọ. Ó mọ̀ pé sísọ́ọ̀sì ìyá òun kì í ṣìnà.

"Màámi, kí ló wà láyà yín?"

"Àbúrò bàbá yín tó wà léjìká ló bímọ."

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ọsibítù ló gbé e lọ.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tó fara balẹ̀, fọwọ́ kan kókó méjèèjì. Ó ní irú tèjìká ní awọ tó fi bo ara rẹ̀. Bó tilẹ̀ dàgbà, kì í kúrò láyè rẹ̀. Jẹjẹrẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Á ta gbòǹgbò wọnú ẹran tó yí i ká, á sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀, dé egungun.

"Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ò lè dá wọn mọ̀, Màmá. Àfi ká fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

Èsì dé. Ọ̀rá ni tèjìká, jẹjẹrẹ ni tọmú, àmọ́ kò tíì rìn kúrò níbẹ̀. Wọ́n gé ọmú náà. Ojú àpá ò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ọmọ ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún lára. Inú ṣì ń bí i.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́ra?"

Ìyá kọjú sí ògiri. "Bàbá yín ló máa ń mọ ohun tó bá ṣe mí lára kí èmi gan-an tó mọ̀. Mo rò pé kò tún sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn mí mọ́."

 Ọmọ tún rẹ aṣọ ìnura sómi, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó sì ń nu ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi tutù.