Wọ́n Ní Kí N Da Omi Nù Kí N Tún Un Pọn

Orí mi dàrú lónìí, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣe síwájú ilé wa ní Ṣàngó lẹ́yìn tí ogun Biafra parí kì í yọ omi lójoojúmọ́. Ó yọ lónìí. Mo pọn garawa mi kún, kí n lè rí omi ṣe àlùwàlá, kí n sì fi ìyókù dáná.

Bí mo ṣe fẹ́ gbé e ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà kan dé, àwọn tó ń ṣètò omi àti títì ìlú ńlá. Wọ́n so táì mọ́rùn nínú oòrùn! Ọ̀gá wọn kí mi dáadáa.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da omi yẹn nù. A fẹ́ ya fọ́tò yín níbi tí ẹ ti ń pọn omi, kí àwọn ará ìpàdé wa l'Ékòó lè rí i."

"Mo ti pọn ọ́n tán. Ṣé o ò rí i ni?"

"Garawa òfìfo la fẹ́, ìyá. Ẹ ó pọn òmíràn."

Mo rò pé ẹni tó ni omi ló ń sọ̀rọ̀. Mo dà á nù.

Mo yí ẹ̀rọ. Ó wúkọ́, ó mí hẹ̀ẹ̀. Omi ti lọ.

Wọ́n ní kí n ṣáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò náà.

"Omi ńkọ́?"

"Ẹ má ṣèyọnu, ìyá. Omi kì í hàn nínú fọ́tò."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n wọkọ̀ lọ. Erùpẹ̀ ni mo fi ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ là mí lọ́yẹ: bí omi ò bá ní hàn, kí ló dé tí mo da tèmi nù?