Ọ̀rọ̀ Tí Agbálẹ̀ Pa Rẹ́

Agbálẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò mú ìgbálẹ̀ dání rí. Orí àga ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, níwájú kọ̀ǹpútà, nínú yàrá gígùn kan tí àwọn méjìlá mìíràn ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ilé-iṣẹ́ wọn ló ṣe géèmù kan tí tọmọdé tàgbà ń fi fóònù ṣe: wàá gba ilẹ̀, wàá kọ́ ilé, wàá la títì, wàá sì di aládùúgbò ẹni tí o kò fojú rí rí. Àwọn aládùúgbò inú géèmù yìí a máa bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì máa ṣàn kọjá níwájú Agbálẹ̀ bí àgbàrá òjò. Èyí tó bá jẹ́ èébú, èyí tó bá jẹ́ ìhàlẹ̀, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, ó parẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ìka rẹ̀ máa ń ṣáájú ojú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ àgbà, ẹ̀gbọ́n Agbálẹ̀ obìnrin, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀yìn Rélùwéè. Àwọn méjì péré ni Bàbá bí, ìyá wọn ti kú. Iyè Bàbá ti ń ra. Ó lè sọ iye ìṣó tó kàn mọ́ ilẹ̀kùn kan ní ogójì ọdún sẹ́yìn fún ọ, kó má sì rántí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ibikíbi tó bá jókòó sí, ìka ni yóò fi máa wọn nǹkan: ìbú fèrèsé, gígùn bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ tábìlì. Yóò wọ̀n ọ́n, yóò mi orí, yóò tún un wọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Bàbá ti tún gba iṣẹ́ o, ẹni tó gbé e fún un la ò mọ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, katakata dé Ẹ̀yìn Rélùwéè. Àwọn aláṣẹ ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tàwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Kí oòrùn tó mú, ogójì ilé ti wó. Ẹ̀gbọ́n fa Bàbá jáde, ó fi í jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní, "Ẹ má kúrò níbí o, Bàbá," ó sáré padà lọ gbé fóòmù tí wọ́n ń sùn lé. Nígbà tó máa fi jáde, àpótí ló bá.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò jókòó láti ìgbà náà. Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́ta. Wọ́n dé ibùdókọ̀ méjì tó sún mọ́ wọn, wọ́n dé ọsibítù tó wà nítòsí, wọ́n dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí pẹ̀lú, Agbálẹ̀ ló wọlé, Ẹ̀gbọ́n dúró síta, ó di ojú. Wọn ò rí i. Ẹ̀gbọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, kò sì yé sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Fóòmù ni mo lọ gbé. Fóòmù tó ti já."

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n wó ilé náà, Ọjọ́bọ̀, ni ilé-iṣẹ́ géèmù gbé ọ̀rọ̀ jáde. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá, tó jẹ́ pé òun ni ẹnu ilé-iṣẹ́ náà níta, ló kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí géèmù náà, òun ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́tà funfun gàdàgbà lórí àwọ̀ búlúù: A WÀ PẸ̀LÚ ÀWỌN ARÁ Ẹ̀YÌN RÉLÙWÉÈ. ILÉ KÌ Í ṢE ERÉ. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sára ẹ̀wù, wọ́n pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́. Àwọn oníròyìn gbé e. Àwọn èèyàn ń yin ilé-iṣẹ́ náà pé ó láyà, pé àwọn ńlá ńlá tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ti pa ẹnu mọ́, oníṣòwò eré ló wá sọ òdodo.

Nígbà tí Agbálẹ̀ kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ bá Ọ̀gá nínú yàrá onígíláàsì rẹ̀, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá fún un. Ọ̀gá dìde lórí àga, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Bàbá yín, bàbá wa ni," ló wí. "A ò ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí." Agbálẹ̀ gbà á gbọ́. Ọ̀gá náà gba ara rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, géèmù náà di ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó sọnù. Àwọn ará àdúgbò tó ti fọ́n káàkiri, fóònù ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí kò rí ìyá ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó rí ọmọ kan tó ń sunkún kọ ọ́ síbẹ̀. Agbálẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ti Bàbá: àgbàlagbà, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀, ṣòkòtò kákí, ó máa ń fi ìka wọn nǹkan. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n rí láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé, "Ó ku tiwa."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá pe ìpàdé. Ojú rẹ̀ wú. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ Ẹ̀yìn Rélùwéè wà lára àwọn tó ń polówó ọjà nínú géèmù náà, wọ́n sì ti ránṣẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe géèmù pẹ̀lú ti ń kùn pé eré làwọn wá ṣe, àwọn ò wá gbọ́ ìwàásù. Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ búlúù náà láti àárọ̀.

"Ibi eré nibí," ni Ọ̀gá wí, ó ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀. "A ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá dárúkọ àdúgbò yẹn, tàbí katakata, tàbí ilé wíwó, kó kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ẹnì kan béèrè pé àwọn tó ń wá ẹbí wọn ńkọ́.

"Kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá," ni Ọ̀gá wí. Kò wo ibi tí Agbálẹ̀ jókòó sí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ìgbà tó wá kan ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkùnrin kan ti ń gbé páálí kiri láti gba àwọn ẹ̀wù náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Agbálẹ̀ ì bá dìde kó máa lọ sílé. Ó rò ó. Àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá lọ, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbẹ̀, ẹni tí kò mọ Bàbá. Bí òun bá dúró, kò ní sí ọ̀rọ̀ kan tí yóò lọ láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ kà á. Ìdí tó fi jókòó nìyẹn. Ó fa bébà kan sí ẹ̀gbẹ́, ó ń da ọ̀rọ̀ kọ kó tó pa á rẹ́: ọmọdébìnrin, aṣọ pupa, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ó ń kọ ọ́, ó ń pa á rẹ́. Kò pẹ́ tí àmì pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó wọn wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Agbálẹ̀ fi bébà sílẹ̀, ó ní òun á máa fi ojú kà á. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì. Apá rẹ̀ kú tipiri.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù nígbà tí ọ̀rọ̀ kan yọ. Ó rí "Ẹ̀yìn Rélùwéè." Ó rí "ó ń fi ìka wọn bẹ́ǹṣì." Kí ọpọlọ rẹ̀ tó sọ fún un pé Bàbá nìyí, ìka rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Òmíràn ti yọ.

Ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń wo ejò. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àmọ́ ta ni yóò bá a gé e, kí ni gígé rẹ̀ yóò sì mú padà?

Ó dìde lọ bá ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Wáyà. Wáyà gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ fọ ojú. "Àǹtí, kì í parẹ́ pátápátá. Ó wà níbì kan fún oṣù kan gbáko. Àmọ́ bí Ọ̀gá ò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀."

Agbálẹ̀ wọ yàrá onígíláàsì.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kà, mà," ló wí. "Wọ́n ti rí bàbá mi. Mi ò rí ibi tí wọ́n sọ pé ó wà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Àwọn lọ́yà ní ká má fọwọ́ kan nǹkan tá a pa rẹ́. Wọ́n ní ó lè di ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ìta ló ń sùn, mà."

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ kẹwàá rèé." Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ ní bàbá mi, bàbá yín ni."

Omi kún ojú Ọ̀gá. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

Lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé òun gbọ́ pé ẹnì kan rí Bàbá níbi tí bẹ́ǹṣì wà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ mọ iye bẹ́ǹṣì tó wà nínú ìlú kan? Wọ́n wá a dé ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n dé kóòtù, wọ́n dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n wú, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Nígbà míì, bí wọ́n bá dé ibi kan tí kò sẹ́nì kankan, Agbálẹ̀ á fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì náà, bóyá yóò móoru.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Wáyà pè. "Àǹtí, ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣe é. Ẹ gbọ́." Ó kà á: Bàbá àgbà kan wà ní ibùdókọ̀ tó wà lábẹ́ afárá, lódìkejì ìlú. Ó ní Ẹ̀yìn Rélùwéè lòun ń lọ. Ó ń fi ìka wọn bẹ́ǹṣì. Ó ń wúkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó tètè wá.

Wọ́n dé abẹ́ afárá náà. Obìnrin tó ń ta omi níbẹ̀ wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lọmọ rẹ̀? Ó ṣubú lánàá. Ọkọ̀ ọsibítù ló gbé e. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi jókòó síbí, mo ń fún un ní omi."

Ní ọsibítù, inú wọ́ọ̀dù àwọn tí kò ní ẹbí ni wọ́n ti bá a. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì rí kékeré lórí ibùsùn náà. Dókítà ní òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì. "Ká ní ó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn," ló wí, ó mi orí. Bàbá la ojú. Ó rí Ẹ̀gbọ́n, ó pè é lórúkọ. Ó yíjú sí Agbálẹ̀, ó wò ó títí, ó fi ọ̀wọ̀ kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Nọ́ọ̀sì ló fi í pè.

Ọjọ́ kẹrin ló kú, ní kùtùkùtù, kí àwọn méjèèjì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá fi káàdì kan ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló fi kọ ọ́. Wọ́n ti lé Wáyà. Agbálẹ̀ kò padà síbẹ̀ mọ́. Kò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì dáhùn ìpè wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ. Ó ní, "Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́? Ó yẹ ká wá a lọ, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Agbálẹ̀ lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Àmọ́ ó sọ bí ìka òun ṣe pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣe àwáwí kankan.

"Ọjọ́ wo?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ọjọ́bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n kà á sórí ìka. "Ọjọ́bọ̀. Ẹtì. Àbámẹ́ta." Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó kó tirẹ̀ sínú àpò, ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Agbálẹ̀ ń jí, ó ń sùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ abíyá bí ẹni tí òtútù ń mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó.

"Omi wà?"

"Ó wà." Ó bù ú fún un.

Ẹ̀gbọ́n mu ún tán, ó gbé ife sílẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò sì mọ ìgbà tí màá dárí jì ẹ́." Ó wo inú yàrá náà yíká. "Ẹ̀gbẹ́ ibo ni kí n sùn?"