Bàbá Tí Kì Í Dá Jẹun

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Soje, àdúgbò wa, bí Bàbá Àbdùlbáàkí, aránfìlà, ṣe fi abọ́ ìrẹsì kan dá bàálù dúró ní pápákọ̀ òfurufú Minna. Bàbá ti jáde láyé báyìí, kí Ọlọ́run forí jì í. Síbẹ̀, bí ènìyàn méjì bá ti jókòó ti oúnjẹ ní àdúgbò wa, ọ̀kan nínú wọn yóò rántí ìtàn náà.

Ní ọjọ́ yẹn, òun àti Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí Èkó. Wọn kò wọ bàálù rí. Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá, wà ní ilé ìwòsàn níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá ń bẹ̀rù pé bí òun kò bá rí i ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, òun lè má rí i mọ́. Saifullah, ọmọ Fàtímọ̀, ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, nítorí pé ọ̀nà ilẹ̀ ti jìn jù.

Ebi ń pa Bàbá, wọ́n bá wọ ilé oúnjẹ tí ó wà ní pápákọ̀ náà. Victoria, ọmọbìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ, ní ìrẹsì kù abọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú odidi ẹja lórí rẹ̀. Kúlúsúmù ní ọkàn òun kò balẹ̀ tó láti jẹun. Wàhálà dé nìyẹn, nítorí pé Bàbá kì í dá jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí gbogbo ẹni tí ó ń kọjá.

“Ẹ wá jẹun o! Bismillah! Ku zo mu ci!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fa báàgì wọn lọ. Ìrẹsì ń tutù.

Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìlà wúrà sì wà ní èjìká rẹ̀. Bàbá rò pé ọ̀kan lára àwọn ọlọ́dẹ ni. Victoria sọ fún un pé oúnjẹ ti tán, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì fà ro.

“Ọmọ mi,” ni Bàbá wí, “iṣẹ́ ọdẹ kò ṣeé fi ebi ṣe. Bọ́ síbí, kí a jọ jẹ ẹ́.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ni ó wí. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó.

Wọn kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ohùn kan láti inú ẹ̀rọ fi pe àwọn tí ó ń lọ sí Èkó. Kúlúsúmù fò dìde, ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Tasneem, ẹ dìde! Haba! Ṣé torí ẹja ni a ò ṣe ní rí ẹ̀gbọ́n yín?”

Bàbá kò gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. “Mo gbọ́, Kúlú. Ṣùgbọ́n mo ti pe ọmọ ọlọ́mọ jẹun. Báwo ni mo ṣe máa dìde fi í sílẹ̀?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “Kò tíì lè lọ.”

“Kí ni ìwọ ọlọ́dẹ mọ̀ nípa bàálù?”

“Èmi ni mo máa wà á, Mà. Adéṣọlá ni orúkọ mi.”

Bàbá tún ìlà wúrà wọ̀nyẹn wò. Lẹ́yìn náà, ó rọra ti orí ẹja sí iwájú Adéṣọlá. “Jẹ ẹ́ tán,” ni ó wí. “Ẹja kì í dijú. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà dijú lókè.”

Nígbà tí bàálù gbéra, ìyá kan tí ó jókòó nítòsí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Jésù. Bàbá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ẹ má bẹ̀rù, ìyá,” ni ó wí. “Mo mọ awakọ̀ yìí. Ó ti yó.”

Ọjọ́ pẹ́ tí ìwà náà ti wà lára rẹ̀. Nígbà kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tudun Wada, pé wọn yóò wó o. Wọ́n bá a nídìí ẹ̀wà. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ojú ń tì wọ́n, wọ́n kàn fi ọ̀dà náà tọ́ ògiri fẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá bínú. “Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ̀wà mi tán yìí, ṣé agbára tí ẹ ní kò ju báyìí lọ?”

Ní oṣù ààwẹ̀ kan, òjò dá gbogbo ènìyàn dúró sílé. Àsìkò ìṣínu tó, Bàbá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo dàbínù, ó ń wá ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ nìkan ni ó wà níta. Àwọn ọmọ àdúgbò ní Bàbá pe ewúrẹ́ náà jẹun. Ó sẹ́ títí. “Irọ́ ni, wallahi! Ó ti jẹ ẹ́ kí n tó pè é.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàálù yẹn gbé wọn dé Èkó, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Wọ́n bá Fàtímọ̀ lórí ibùsùn, nọ́ọ̀sì sì ní kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ tán. Saifullah gbé oúnjẹ wá fún Bàbá.

“Gbé e kúrò,” ni Bàbá wí.

“Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ní kí ẹ má jẹun, sà.”

“Mo mọ̀.”

Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí Fàtímọ̀ la ojú. Ó wo àbúrò rẹ̀. “Báàkí, o ti jẹun?”

“Rárá.”

“Ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni wọ́n là, wọn ò là ọ́.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ni ó ń jáde lójú rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, Bàbá kú. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ náà. Ọ̀nà ilẹ̀ ni Fàtímọ̀ gbà wá, ọjọ́ kejì ni ó sì dé. Ó dùn ún púpọ̀ pé wọ́n ti sin ín kí òun tó dé. Ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá Bàbá. Nígbà tí ó pẹ́, ó bi Kúlúsúmù léèrè.

“Kí ni ó jẹ kẹ́yìn?”

“Tùwó àti ọbẹ̀ kúkà ni, Mà.”

“Ṣé ó jẹ ẹ́ dáadáa?”

“Níbo? Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ọ̀kan kàn wá béèrè ọ̀nà Nassarawa ni. Títí di ìsinsìnyí, a ò mọ orúkọ rẹ̀.”

“Àlejò yẹn ńkọ́? Ó yó?”

“Ó yó, Mà. Ó tilẹ̀ sùn díẹ̀ kí ó tó lọ.”

Fàtímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Jímọ̀, kò sí ẹni tí ó tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé náà. Kúlúsúmù bá a rín in, àwọn méjèèjì rín in títí omijé fi dé. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Fàtímọ̀ di ọwọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.